Ohùn Tí A Kò Rí Ẹnu Rẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀ tí ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà tí mo ti dé pé kí n wá ròyìn ìlú òyìnbó, mo ti jókòó wàyí. Àwọn kan nínú yín rò pé dókítà abẹ́rẹ́ ni mo lọ kọ́, wọ́n sì ti gbé ọmọ tí ibà ń ṣe wá bá mi kí n tó tú ẹrù mi tán. Àwọn mìíràn gbọ́ pé dókítà wèrè ni mí, wọ́n wá ń fi ọgbọ́n yà fún mi lójú ọ̀nà. Ẹ fi ara balẹ̀, mi ò ní yẹ orí ẹnikẹ́ni wò. Ohun tí mo lọ kọ́ ni bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí a lè ṣe fún ọmọ iléèwé tí ọkàn tirẹ̀ bá ní ìdààmú. Sáíkọ́lọ́jì ni wọ́n ń pè é. Oyè ọ̀mọ̀wé ni mo lọ gbà níbẹ̀, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oyè kọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí oyè kò dẹ́rù bà mí rí.

Nígbà tí mo fi ń lọ, owó epo rọ̀bì ti ń ya wọlé. Ìjọba ń rán ènìyàn lọ kàwé lókè òkun bí ìgbà tí ìyá ń rán ọmọ lọ ra iyọ̀. Ìyá mi, tó ń ta àwo tánganran lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì, di gàrí fún mi, ó di ata gígún, ó ra ẹ̀wù òtútù kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló pè mí wọ yàrá. Mo rò pé àdúrà ló fẹ́ ṣe fún mi.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ibi tí ò ń lọ yẹn, a ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá pè ẹ́, tó ò rí ẹni tó pè ẹ́, má jẹ́ o."

Mo rẹ́rìn-ín. "Màámi, ṣé èyí lẹ tìtorí ẹ̀ tilẹ̀kùn?"

Kò sí ọmọ agbolé wa tí wọn kò fi ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀n lẹ́yìn. Bí oòrùn bá kan àtàrí, tí àdúgbò dákẹ́, tí o gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ rẹ, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Ṣe ni wàá dìde, wàá lọ wo ojú ẹni tó pè ọ́, wàá bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí?" Bí kò bá sí ẹnìkan, wàá padà wá jókòó, ẹnu rẹ á sì dákẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ mi, báyìí náà ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo yín.

Ìlú funfun

Ìlú kékeré kan ni, ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà. Ọ̀sán ni mo dé ibẹ̀. Yìnyín ti bo ilé, ó bo igi, ó bo ọ̀nà, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan níta. Èmi tí mo ti ń sùn nínú ariwo ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹ̀rọ iléeṣẹ́ láti kékeré, etí mi ń wá ohun tí yóò gbọ́, kò rí i. Mo dúró ti ẹrù mi níbi tí bọ́ọ̀sì já mi sí, ẹ̀rù sì bà mí. Ìlú tó ní iná, tó ní ilé, tí kò wá sí ènìyàn lójú ọ̀sán, ó ní orúkọ tí à ń pe irú ibẹ̀ nílé wa.

Ìyá arúgbó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé òtútù ló mú mi lẹ́sẹ̀ tí mo fi ṣubú, ó pariwo pe aládùúgbò, àwọn méjèèjì sì gbé mi dìde, wọ́n fún mi ní wàrà gbígbóná. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti tẹ̀ ba díẹ̀, ṣe ló máa ń na ọwọ́ sí mi. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé síwájú mi. Mo ní mùsùlùmí ni mí. Ó bẹ̀ mí, ó gbé e kúrò, ó wá gbé ewé tútù tí iná kò kàn wá. Mo jẹ ewé lọ́jọ́ náà bí àgbò tí kò tíì mọ̀ pé Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ènìyàn rere ni màmá yìí, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde nílé rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni yóò wà, nídìí ààrò, yóò máa pe orúkọ mi tí mo wà lókè. Mi ò ní dáhùn. Màá bọ́ sílẹ̀ nínú òtútù, màá wá dúró níwájú rẹ̀, màá bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí?" Inú bí i títí. Ó ní ta ló tún wà nílé yìí tí yóò pè ọ́, ṣé ògiri ni? Nígbà tó yá, ó sọ fún aládùúgbò pé àlejò òun kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ó sàn ju kí n máa ṣàlàyé lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń lọ sí yunifásítì. Èmi nìkan ni mo wà lójú ọ̀nà. Yìnyín ń tàn yanran débi pé mo ní láti pa ojú dé díẹ̀. Ẹnì kan pè mí lẹ́yìn. Kò pe Rábì, orúkọ ìwé mi, èyí tí wọ́n máa ń bà jẹ́ lẹ́nu. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́," pẹ̀lẹ́, bí ènìyàn ṣe ń pe ọmọ tó ń sùn. Kò sí ẹ̀dá kan ní gbogbo ìlú náà tó mọ oríkì mi. Mo ń rìn lọ, mi ò yára, mi ò dúró. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo tó wo ẹ̀yìn. Ipa bàtà mi nìkan ló wà nínú yìnyín.

N kò sọ fún ẹnìkan. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ sí i, wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò, àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bi ara wa ní ìbéèrè. Ẹnì kejì mi ka ọ̀kan: ṣé o máa ń gbọ́ kí wọ́n máa pe orúkọ rẹ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni kì í gbọ́ ọ?" Ọ̀gá wa, obìnrin gíga kan tó máa ń so gíláàsì mọ́ ọrùn, gbé ojú sókè wò mí, ó sì pẹ́ kó tó gbé ojú náà kúrò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti máa pa ẹnu mọ́.

Àpótí ara ògiri

Ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí a ti ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú iléèwé àti àwọn òbí rẹ̀, pé láti orílẹ̀-èdè mi ni wọ́n ti wá, kí n lọ wò ó. Ọmọ ọdún méje ni. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, kò ní dáhùn. Wọ́n gbé e wọ yàrá tí wọ́n ti ń yẹ etí wò, wọ́n fi nǹkan bò ó létí, ohùn ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀, kò fèsì. Wọ́n ní bí kò bá jẹ́ etí, a jẹ́ pé ọpọlọ ni. Ilé ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n máa ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, tí bàbá àti ìyá á máa lọ wò wọ́n lọ́jọ́ Àìkú. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mú un lọ.

Mo wọlé, mo bá ọmọ dúdú kékeré kan lórí àga tó tóbi jù fún un. Mo fi Yorùbá kí i. Ó yọ̀ mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì dákẹ́ mọ́. Mojísọ́lá lorúkọ rẹ̀, Mojí. Bàbá rẹ̀, Rẹ̀mí, ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ. Ibo ni wọ́n ti wá? Ìsọlọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Rẹ̀mí tí gbogbo yín mọ̀, ló ti dàgbà kí wọ́n tó ránṣẹ́ mú un wá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọmọ tó lè ròyìn gbogbo agbolé bàbá rẹ̀ fún mi, òun ni wọ́n ní kò ní ọpọlọ.

Mo lọ sí iléèwé náà, mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Lókè pátákó ìkọ̀wé, àpótí igi kékeré kan wà lára ògiri, wọ́n fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́. Lójijì ni àpótí náà mí, ohùn obìnrin kan sì jáde nínú rẹ̀, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn náà ń dá ògiri lóhùn. Irun ara mi dìde. Ó pe Mojí. Ọmọ náà pa ètè pọ̀, ó wolẹ̀. Ó tún pè é. Ọmọ náà di tábìlì rẹ̀ mú. Ká sọ òótọ́, èmi náà kì bá tí dáhùn.

Nígbà tí a jáde, mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Ìyá àgbà ní kí n má jẹ́. Àǹtí, kò lẹ́nu."

Mo rò ó títí kí n tó lọ bá ọ̀gá mi, nítorí ojú tó fi wò mí nígbà yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nílé wa. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó sì gbà pé kò sí ohun tó ṣe ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó ní iléèwé kò ní yọ àpótí kúrò lára ògiri nítorí ọmọ kan. Kí ọmọ náà tó gba ìsinmi, ó gbọ́dọ̀ máa dáhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á mú un lọ. Ó ní kí n kọ́ ọ.

Èmi ni

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọmọ sínú omi. Mo kọ́kọ́ dúró níwájú Mojí, mo pè é, ó jẹ́. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ṣí, ó ń rí etí aṣọ mi, ó jẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kó tó jẹ́, ó sì sáré wá ṣí i wò. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ọ́fíìsì tí àpótí náà ti ń gba ohùn, mo sì gbẹ́nu lé ẹ̀rọ ibẹ̀, mo pè é ní kíláàsì.

Ọmọ náà bi mí pé, "Àǹtí Rábì, ṣé ẹ̀yin lẹ wà nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni. Ibikíbi tóo bá ti gbọ́ orúkọ ẹ, tó ò rí ẹnìkan, mọ̀ pé èmi ni. Ṣáà máa dáhùn."

Ìyá rẹ̀ ń se ìrẹsì fún mi nígbà tí mo ròyìn fún un. Ó dúró, ó gbé ṣíbí sókè. "Àǹtí, ẹ ṣé gan-an ni. Àmọ́ ṣé kò wá ní mọ́ ọn lára báyìí?"

Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ó tún kọ́ ọ ní tilé." Ìrẹsì náà dùn, ata wà nínú rẹ̀, n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bà á jẹ́.

Mojí ń dáhùn. Inú iléèwé dùn, inú ọ̀gá mi dùn, ọ̀rọ̀ ilé ńlá ẹ̀yìn ìlú sì tán síbẹ̀. Iṣẹ́ náà ni mo kọ sínú ìwé tí wọ́n fi fún mi ní oyè. Ohun kan ṣoṣo ni n kò kọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ parí, mo ń bọ̀ lọ́nà ọ́fíìsì, mi ò tíì débẹ̀, tíṣà Mojí sì jáde wá pàdé mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní ó mà dára o, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pè é tó ti dáhùn. Mo ní mi ò tíì pè é. A lọ bi akọ̀wé, òun náà kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Tíṣà ní bóyá òun ni kò gbọ́ dáadáa. Mo ní bóyá ni.

Ìsọlọ̀

Rẹ̀mí àti àwọn ará ilé rẹ̀ ṣáájú mi wálé. Nígbà tí èmi náà dé, n kò mọ Òṣòdì mọ́. Ọkọ̀ símẹ́ǹtì tò títí, rédíò ń pariwo níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àwọn tí mo fi sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ti ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní Ìsọlọ̀, ibi tí a ti ń gé koríko fún àgbò ti di iléeṣẹ́, èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Òyìnbó. Ìyá mi ń wo bí mo ṣe ń jẹun, ó ní mo ti ń jẹun bí àlejò. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí àlejò náà ni mo jẹ́ níbi tí mo ti ń bọ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ kí àwọn ẹbí bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo padà, ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo sì lọ sí ilé Ìyá Rẹ̀mí. Láti Amẹ́ríkà ni mo ti ń fojú sọ́nà fún bí Mojí yóò ṣe fò mọ́ mi. Ó ń ṣeré òkúta ní ẹnu ọ̀nà. Ó gbójú sókè, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí," ó sì padà sídìí eré rẹ̀, bí ìgbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń rí mi.

Ìyá Rẹ̀mí gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ síwájú mi. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ń ṣàdúrà, èmi ń ṣàmín. Ẹnu mi kún fún mọ́ínmọ́ín nígbà tí Mojí dáhùn pé, "Mà." Ó dìde, ó gba àárín wa kọjá, ó sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá Rẹ̀mí ní, "Ta ló pè é?"

Kò sí ẹni tó pè é. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sí nílé. A sáré tẹ̀ lé e. Irà tí wọn kò tíì kó ilẹ̀ dí ló wà lẹ́yìn ilé náà, koríko ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, kò sì sí afẹ́fẹ́ kan tó ń mì ín. Mojí ti wọ inú omi dé orúnkún. Ìyá Rẹ̀mí fà á jáde, ó gbá a mọ́ra.

Ọmọ náà yí ojú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pè mí."

Ẹ̀rù tó bà mí, n kò lè fi ẹnu sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú. Mo ní, "Mojí, wò mí. Èmi kọ́ ni mo pè ẹ́. Tóo bá gbọ́ ohùn mi, tó ò rí mi, èmi kọ́. Má jẹ́ mọ́ láé."

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan ti sú. "Ẹ ti sọ ọ́ lánàá, Àǹtí. Ẹ ní ẹnì kan ń bọ̀ wá tó máa jọ yín, pé ó máa ní kí n má dá yín lóhùn mọ́. Ẹ ní kí n má gbà á gbọ́."

Lánàá, ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni mo wà.

Ìyá Rẹ̀mí fa ọmọ náà sẹ́yìn ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi pẹ́. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu oúnjẹ fún mi ni, tó mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń rá. Ó ní, "Kí lorúkọ ìyá ẹ?"

Mo sọ orúkọ ìyá mi fún un. Mo sọ ti bàbá mi, mo sọ oríkì mi, mo sọ ẹni tó sọ mí lórúkọ. Kò dá mi lóhùn. Ó gbé ọmọ náà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Rẹ̀mí ti kó wọn lọ sí Ire-Akari báyìí, jìnnà sí irà náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ síbẹ̀. Iwájú ilé ni mo máa ń dúró, nínú oòrùn, níbi tí ọmọ náà ti lè rí mi dáadáa, màá sì máa wò ó títí yóò fi gbà pé èmi ni. Nígbà mìíràn ó máa ń gbà, nígbà mìíràn kì í gbà. Òun ló mú mi jókòó kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin aládùúgbò mi. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ yín. Bí ohùn mi bá pe ọmọ kan ní Ìsọlọ̀ yìí, tí kò sì rí ojú mi, kó má jẹ́.